Ọkọ Láwùmí

Nọ́ńbà kẹtàlélógún ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí ní ìrọ̀rùn.

Àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ti tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú ìwé. Èsì tí wọ́n ní láti ọjọ́ pípẹ́ àti èyí tí kíìtì tuntun gbé jáde bára mu rẹ́gí: AA bá AA, AS bá AS, àwọn SS mẹ́ta tó wà láàárín wọn náà kò yẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló yà bàrá. Káàdì ọwọ́ rẹ̀, tí láàbù yìí kan náà fún un ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní AA ni. Kíìtì tuntun ní AS ni.

Láwùmí bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sọnù, ó wọ òmíràn, ó tún ẹ̀jẹ̀ náà kán sí kíìtì mìíràn. Ó dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ìlà kìn-ín-ní yọ. Kò pẹ́, ìlà kejì yọ tẹ̀ lé e, kò sì fi ara pamọ́ rárá. AS.

Láàbù Alhaja Ràfátù ni, ní Bódìjà, ní àárín ilé ìtajà oògùn kan àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ládùúgbò náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ jẹ́nótáìpù wọn wò. Pásítọ̀ kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí káàdì, àwọn ààfáà náà sì ti ń bèèrè rẹ̀. AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS, kí wọ́n má baà bí ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa jẹ egungun rẹ̀ láti inú wá. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti dàgbà, iná ló sì ń jẹ. Wọn á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á tan iná sí i, ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa rìn títí yóò fi dé ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Bí iná bá lọ lójú ọ̀nà, bébà ti bàjẹ́ nìyẹn, oògùn tó wà nínú ẹ̀rọ ti ṣòfò, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Alhaja, tí kì í fẹ́ kí òwú lásán ṣòfò lójú rẹ̀, ti gbọ́ nípa kíìtì kan tí kò fẹ́ iná rárá. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí, bí èyí tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò. Ó fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́jọ́ kejì. Láwùmí, olórí ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀, ló yarí pé ẹnu ẹni tó ń tajà kọ́ ni a ti ń gbọ́ ìwà ọjà. Ó ní kí wọ́n pe ogójì nínú àwọn oníbàárà àtijọ́ tí èsì wọn ti wà nílẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn lè mọ̀ bóyá kíìtì náà mọ òótọ́ sọ. Alhaja ráhùn pé ogójì kíìtì ni yóò ṣòfò. Láwùmí dáhùn pé bó bá jẹ́ onírọ́ ni, ogójì ilé ni yóò dàrú.

"Kíìtì yín ti fìdí rẹmi," Fadékẹ́mi sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Fadékẹ́mi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti igbákejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Dá a padà fún ẹni tó tà á, kí wọ́n lọ ra awò ojú fún un."

Láwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọkùnrin náà ló ń rò.

Jóṣúà Gbádérọ̀ lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì ní Dùgbẹ̀, ọmọ Ṣakí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Lọ́jọ́ Ajé tó wá, ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí wọ́n tó ní kó ká a. Ó ní ó dára tí wọ́n pe òun, òun náà ti ń gbèrò láti wá. Ó wá ro ẹjọ́ ilé rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn. Ọmọ òun obìnrin, Ìrẹ̀mídé, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní SS ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ AS, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n AA ni òun, AA kì í sì í bí SS. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba S kan lọ́wọ́ bàbá, kó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, òun kò sì ní S kankan tí òun lè fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ti fi Bíbélì búra. Ó ti fi ọmú tí ọmọ náà mu búra. Òun ti dá a padà sí Ṣakí, tọmọ-tọmọ.

"Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹbí ń pàdé nílé bàbá obìnrin náà," ó ní. "Ìwé yín ni mo fẹ́ kà sí wọn létí. Ẹ bá mi ṣe é tuntun, àǹtí, kí wọ́n má baà ní ti àtijọ́ ti gbó."

Láwùmí mi orí sí i lọ́jọ́ náà. Kí a má purọ́, ó tilẹ̀ kórìíra obìnrin tí kò rí rí náà díẹ̀. Òun tí òun fi ìfẹ́ tòótọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, tí òun ń sunkún sínú ìrọ̀rí fún odidi ọdún kan, kí ẹlòmíràn wá ní ọkọ AA nílé kó tún máa wá S kiri ìta.

Ní báyìí, AS wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alhaja yọjú, ó gbọ́, ó ní kí wọ́n kó kíìtì náà sínú páálí kí wọ́n dá a padà. Láwùmí bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rọ àtijọ́ náà sọ tẹnu rẹ̀. Iná ti lọ láti àárọ̀. Alhaja wo jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń wo àna tó wá yá nǹkan, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n tàn án.

Láwùmí kán ẹ̀jẹ̀ Jóṣúà sáàárín bébà. Lápá ọ̀tún, ó kán ẹ̀jẹ̀ Fadékẹ́mi, tó jẹ́ AA. Lápá òsì, ó kán ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tó jẹ́ AS. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láàbù náà, ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀, tí a fi ń dá èyí tí a kò mọ̀ mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ ló ti ń ṣe ẹlẹ́rìí AS. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà títí àkókò fi pé. Ẹ̀jẹ̀ Fadékẹ́mi dúró sójú kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ Láwùmí pín sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ Jóṣúà náà pín sí méjì, ó sì tò ti ti Láwùmí bí ìbejì.

Kíìtì kò purọ́. Láàbù ló purọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń wí pé jẹ́nótáìpù a máa yí padà. Kì í yí padà. Èyí tí a gbé wáyé náà ni a ń gbé lọ. Níbo wá ni AA ti wọ káàdì ọkùnrin yìí? Láwùmí yí káàdì náà padà láti wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó rí i. Ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ó mọ ọjọ́ náà bí ènìyàn ṣe ń mọ ọjọ́ tí òbí rẹ̀ kú. Ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ gba Ìdrís lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdrís Àyànṣọlá, ọkùnrin tó ga, tó dúdú, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yọ ní ojú kó tó dé ẹnu. Iṣẹ́ ìnfátà àti iná oòrùn ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá tún ìnfátà láàbù ṣe, ó ní òun ń wá ẹni tí yóò bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Láwùmí dì í mú fún odindi wákàtí kan, ọ̀sán gangan, nínú yàrá tí fèrèsé mẹ́ta wà ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí tọ́ọ̀ṣì ń ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń tutù, wọn á fẹsẹ̀ rìn láti Bódìjà lọ sí Agbowó, wọn á pín àgbàdo sísun jẹ lọ́nà, Ìdrís á máa nawọ́ sí àwọn òrùlé tó ti gbé iná oòrùn sí, á ní, "Wò ó, èmi ni mo tan ilé yẹn." Láwùmí á máa wò ó, á máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun gan-an nilé tó tàn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pákó, síbẹ̀ bó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ẹni gbé ẹyin ni. Ní láàbù, kò pẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́. Ọkọ Láwùmí ni gbogbo wọn ń pè é, kódà kó tó mọ ilé àwọn òbí ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, Láwùmí ní kó wá ṣe àyẹ̀wò. Òfin láàbù ni pé ẹnikẹ́ni kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn rẹ̀ wò, nítorí náà Fadékẹ́mi ló ṣe é. Lọ́jọ́ náà, ìjọ mélòó kan ti kó àwọn àfẹ́sọ́nà wọn wá, láàbù kún bíi mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Nírọ̀lẹ́, Fadékẹ́mi gbé rẹ́jísítà wá síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Níwájú orúkọ Ìdrís Àyànṣọlá, AS ló wà.

Wọ́n pàdé lọ́jọ́ kejì ní Agbowó, lódìkejì gééti Yunifásítì. Láwùmí sọ ọ́ fún un. Ìdrís kò jiyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́," Láwùmí dá a lóhùn.

Ìdrís wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń retí kó fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí kò fi nǹkan kan kún un, ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọdá títì. Gbólóhùn kan yẹn ni Láwùmí sì gbé ọdún mẹ́rin lé lórí.

Ní báyìí, ó wọ yàrá tí Alhaja ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Alhaja kì í da bébà nù, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá bẹ láàbù wò. Fadékẹ́mi tẹ̀ lé e. Páálí karùn-ún ni wọ́n tú kí wọ́n tó rí ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí wọ́n ń kọ ohun tó wà lára túùbù kọ̀ọ̀kan sí àti ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa rẹ̀, kí wọ́n tó dà á kọ sínú rẹ́jísítà.

Láwùmí fi ìka tọ ìwé náà láti òkè. Bó ṣe yẹ kó rí, nọ́ńbà ló yẹ kó máa rí. Láyé àtijọ́ àti lóde òní, nọ́ńbà ni láàbù náà ń tẹ̀ sórí sítíkà, ọ̀kan fún túùbù, ọ̀kan fún ìwé oníbàárà, kí ẹ̀jẹ̀ lè mọ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n sítíkà ti tán lọ́sẹ̀ náà. Alhaja ti ní àfi bí oṣù bá yí kí òun tó ra òmíràn, kí wọ́n máa ya pílásítà lẹ̀ mọ́ túùbù, kí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí i. Orúkọ ló sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, irú orúkọ tí àwa ń pe ara wa. *Àbúrò Ìyá Ìbejì. Ọmọ Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ìyàwó Títíṣà.*

Lórí ìlà keje: *Ọkọ Láwùmí. AS.*

Lórí ìlà kọkàndínlógún: *Ọkọ Láwùmí. AA.*

Fadékẹ́mi gba ìwé náà, ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà.

"Méjì ni wọ́n," ó sọ wẹ́lẹ́.

Ó wá rántí, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tí wọ́n ń fà. Òun lòun gba ẹ̀jẹ̀ Ìdrís. Òun lòun kọ Ọkọ Láwùmí sí pílásítà rẹ̀, àwàdà ni, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òun ń to túùbù, òun rí Ọkọ Láwùmí kejì. Òun bi Alhaja, ẹni tó jókòó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan lọ́jọ́ náà nítorí èrò, Alhaja sì ní ọkọ Láwùmí kan tó mú lẹ́tà ìjọ wá ni.

"Báwo lo ṣe wá mọ èyí tó jẹ́ tèmi?"

Fadékẹ́mi kò wo ojú rẹ̀. "Mo ní èyí àkọ́kọ́ ni," ó ní. "Èèyàn wa ni. Mo rò pé a ò lè jẹ́ kí èèyàn wa tò lẹ́yìn. Mo rò pé ẹnì kan ti gbé tiwa síwájú."

Láwùmí fa ìwé àbáwọlé ọjọ́ náà yọ, níbi tí gbogbo ẹni tó wọlé ti ń kọ orúkọ àti aago. Jóṣúà Gbádérọ̀ wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ti àfẹ́sọ́nà tó bá a wá: Láwùmí Adébísí. Ìdrís Àyànṣọlá wọlé nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó pẹ́. Orí òrùlé kan ní Challenge ló ti ń bọ̀, Láwùmí ló sì ń fi fóònù dà á láàmú pé kó sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn wọn kò sí níwájú rárá. Ẹ̀yìn ló wà, bí gbogbo ayé.

Ìlà kọkàndínlógún ni Ìdrís. AA.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ọwọ́ kan wà tí wọ́n bù lù ú, ẹlẹ́wà, pẹ̀lú kókó kékeré kan lẹ́yìn. Ọwọ́ Láwùmí ni. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ fi ìwé iṣẹ́ wé rẹ́jísítà, ìlà sí ìlà, kó tó bu ọwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ náà, ìlà kan ṣoṣo ló rí. Omijé ti bo ìyókù, ó sì bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Ká ní ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ ìlà méjìlá péré, ìbá rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú Alhaja, obìnrin náà ka ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Alhaja kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Lójú tirẹ̀, àìmọ̀wàáhù ni kí ènìyàn dojú orúkọ kọ ọmọlọ́mọ gàn-ùn-gàn-ùn. Ìyá Lágbájá ni, Ọkọ Tàmẹ̀dù ni. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹ fún ọkùnrin náà ní AS rẹ̀," ó ní. "Ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ ló ṣe é. Ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó máa fi jà."

"Alhaja, káàdì méjì ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀," Láwùmí dáhùn. "Ọ̀kan AA, ọ̀kan AS, orúkọ wa ló wà lórí méjèèjì. Èyí tó bá wù ú ló máa gbà gbọ́. Ó sì ti lé ìyàwó lọ lórí ọ̀kan. Àfi tá a bá fi ibi tá a ti ṣì í hàn án, mà."

Ohùn Alhaja wá di kékeré, bíi ti ọmọdé tó fọ́ àwo.

"Èmi ni mo kọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Obìnrin náà jókòó tì í. Mo ní kí lorúkọ ẹ, ó ní Láwùmí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní àwa náà ní Láwùmí tiwa."

Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó wá lọ́jọ́ Sátidé yẹn padà, ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n fi kíìtì yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n tún fi ẹ̀rọ yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n má wo ti iná. Láwùmí kò retí ìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì tẹ Jóṣúà láago.

Jóṣúà dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Láwùmí kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó nawọ́ sí ìlà keje, ó nawọ́ sí ìlà kọkàndínlógún, ó nawọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní AS ni yín, sà, AS ni yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ó ní ìyàwó yín kò ṣe ohunkóhun. Ọmọ yín ni Ìrẹ̀mídé.

Ọkùnrin náà bèèrè omi. Wọ́n gbé e fún un, kò mu ún.

"Mo ti gba orúkọ mi lára ọmọ yẹn," ó ní. "Lóṣù tó kọjá. Mo ní kí wọ́n má pè é ní Gbádérọ̀ mọ́. Ó ń sunkún pé ọwọ́ ń dun òun, mo ní kí bàbá ẹ̀ wá gbé e."

Ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀, ó gbé fóònù sétí, nígbà tí wọ́n gbé e, ó na fóònù náà sí Láwùmí. Láwùmí gbà á, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹni tó jẹ́ orúkọ kan náà mí lódìkejì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò hó yèè, kò ké. Ó ní kí Láwùmí tún ti sítíkà tó tán yẹn sọ. Láwùmí tún un sọ.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ká ní ẹ kọ ọ́ dáadáa ni, pásítọ̀ ò ní so wá pọ̀?" obìnrin náà wí. "N ò ní bí Ìrẹ̀mídé. Mo gbé e dání báyìí, ó ń sùn. N ò mọ̀ bóyá kí n ṣépè fún yín ni, àbí kí n dúpẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó síwájú yín pé kó mú ìwé náà bọ̀ lọ́la. Bàbá mi ni kó kà á fún o, kì í ṣe èmi. Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Jóṣúà ká ìwé náà mẹ́rin, ó fi í sápò àyà. Bó ṣe ń jáde lọ, èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé. Láwùmí kò mọ̀ bóyá ilé náà yóò tún dúró. Ó mọ̀ ṣáá pé orúkọ obìnrin náà ti mọ́.

Ó kù ẹnì kan.

Ó jáde sí ẹ̀yìn láàbù, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi. Ó ti pa nọ́ńbà Ìdrís rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbàgbé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó ní òun ni, Láwùmí.

"Mo mọ ohùn ẹ," Ìdrís wí.

Ó rò ó pé ẹkún ni òun yóò máa sun, kò sunkún. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka ìwé iṣẹ́: ìlà keje, ìlà kọkàndínlógún, pílásítà, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "AA ni ẹ́, Ìdrís. AA ni ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀."

Láwùmí fi ọwọ́ di àgbá omi náà mú. Ìdrís ní òun ṣí lọ sí Ìlọrin lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Nígbà tí òun fẹ́ gbéyàwó níbẹ̀ lọ́dún kejì sẹ́yìn, àwọn ẹbí ìyàwó ní kí òun ṣe àyẹ̀wò. Ó jáde ní AA. Òun lọ sí ibòmíràn, wọ́n tún ní AA. Òun jókòó sínú ọkọ̀ níwájú láàbù náà títí oòrùn fi wọ̀.

"O mọ̀, o ò pè mí."

"Kí ni ǹ bá wí?" Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì bínú, ìyẹn gan-an ló gún Láwùmí lọ́kàn. "Ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ lo bu ọwọ́ lù ú. Mo bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú, o ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Mo rò pé ìwọ lo kọ AS yẹn fúnra ẹ, pé o ò fẹ́ mi mọ́, o wá wá ọ̀nà tí ò ní dùn mí. Mo tiẹ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ nínú mi. Mo ní ẹlòmíràn ì bá bú mi."

Láti ọdún méjì. Nígbà tí Láwùmí ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà, Ìdrís ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin pé ó fi ọgbọ́n kọ òun. Láwùmí ti rò pé ìwé iṣẹ́ yẹn ni òpin ohun tó lè dẹ́rù bà á lọ́sẹ̀ yìí. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"N ò kọ̀ ẹ́," ó wí. "N ò kọ̀ ẹ́ rí, Ìdrís. Ọjọ́ kan ṣoṣo, n ò kọ̀ ẹ́."

Ó ń gbọ́ tó ń mí. Ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó kọjá níbi tó wà, àti adìẹ kan. Láti òkèèrè, ohùn obìnrin kan, ohùn tó tutù, tó dùn, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, pe Bàbá Safiyyah pé oúnjẹ ti délẹ̀.

"Mò ń bọ̀," Ìdrís wí.

Fóònù náà kú. Láwùmí dúró síbẹ̀ tòun tàgbá omi, kò sì mọ̀ bóyá òun ni Ìdrís dá lóhùn tàbí obìnrin yẹn.